Ọjọ́ tí Ọ̀gá Bàǹtà Ní Kí Wọ́n Yọ Ìràwọ̀ Kúrò

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa gbọ́ bí ẹni ńlá ṣe ń di ẹni kékeré, ẹ sún mọ́bí, kí ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ìbànújẹ́ nínú, àfi tí ẹ bá jẹ́ ẹbí Ọ̀gá Bàǹtà. Tí ẹ bá jẹ́ ẹbí rẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ náà ni.

Bàǹtà kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fún àwọn awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì ló fún un, lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé gbogbo nǹkan rẹ̀ ló tóbi. Tábìlì rẹ̀ tóbi débi pé wọ́n fọ́ ògiri kí wọ́n tó rí i gbé wọlé. Àga rẹ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Tó bá buwọ́ lu lẹ́tà, ìbuwọ́lù náà á gba ìdajì ìwé, ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà á wá há sí igun kan bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnìkan ní láti ṣáájú rẹ̀ lọ ṣílẹ̀kùn, kí onítọ̀hún sì dúró síta máa sọ fún àwọn tó bá ń bọ̀ pé, "Ọ̀gá wà ní ìpàdé."

Onítọ̀hún yìí ni akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọrùn rẹ̀ sì ti tẹ̀ síwájú nítorí orí mímì. Tí Ọ̀gá bá sín, Bẹ́ẹ̀-ni-sà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà." Tí Ọ̀gá bá sọ pé òjò máa rọ̀, tí oòrùn sì yọ, Bẹ́ẹ̀-ni-sà á gbé agbòjò jáde, á sì máa wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ọ̀run ló ṣẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ọgbọ̀n ẹ̀ka ló ní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ni wọ́n fi ètò kan sí tó ń jẹ́ Aṣọ́nà. Aṣọ́nà á bi ọ́ pé, ta ni ìwọ? O ó tẹ orúkọ rẹ. Á ní, kí ni mo máa fi mọ̀ pé ìwọ ni? O ó tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ. Tó bá tọ̀nà, o wọlé. Tí kò bá tọ̀nà, o dúró síta. Nínú Aṣọ́nà, apá kan wà tí kò níṣẹ́ méjì ju pé kó máa kọ nǹkan sílẹ̀: ẹni tó wọlé, ẹni tí kò rí ọ̀nà wọlé, aago tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń kọ ni wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀gì. Lọ́ọ̀gì ò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí kì í kọ jáde ni páswọ́ọ̀dù. Tó bá dé ibẹ̀, àmì ìràwọ̀ mẹ́jọ ló máa tò síbẹ̀, yálà ohun tí o tẹ̀ gùn ni o, yálà ó kúrú, kí ojú ẹlòmíràn má baà tó o.

Ẹni tó kọ Aṣọ́nà ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Ó ti lé lógójì ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, okùn bàtà ló sì fi so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ Aṣọ́nà, ó sì fi odindi ọdún kan nínú rẹ̀ sórí lọ́ọ̀gì nìkan. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fa nǹkan yọ láti inú lọ́ọ̀gì, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, á sì pín in níbi ìpàdé.

Ibi ìwé yìí ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

Níbi ìpàdé oṣù kan, Ọ̀gá Bàǹtà gbé ìwé náà wò fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ lókè pátápátá: Ọ̀gá Àgbà, igba ó lé mẹ́rìnlá. Ẹni tó tẹ̀lé e ni olùṣọ́ géètì: mẹ́ta. Ojú Ọ̀gá tàn. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀, ó sì dìde dúró.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó ní, "mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ń ṣe ìdíje. Èmi kì í wá ipò, ipò ló ń wá mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó! Igba ó lé mẹ́rìnlá! Ẹni tó ṣe ipò kejì, mẹ́ta péré ló rí kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin. Mẹ́ta! Ojú ò tiẹ̀ tì yín? Èmi nìkan ni kí n máa fi ọwọ́ kan gbé ilé-iṣẹ́ yìí? Ó yá, láti oṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín dé àádọ́ta, ó kéré tán!"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Obìnrin tó ń dá àwọn awakọ̀ lóhùn ní fèrèsé kejì ki ìdajì ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu. Olùṣọ́ géètì wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá kan wà lẹ́yìn, láti ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó fẹ̀yìn tì, tí kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Òun ló wú ikọ́, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka òkè ìwé yẹn sà."

Ọ̀gá ka òkè ìwé. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ páswọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà.

Ìpàdé parí láìsí àdúrà.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi pe Àǹtí Kọ̀ǹpútà sí ọ́fíìsì ńlá náà. Wọn ò ní kó jókòó.

"Ìwọ lo kọ mí sínú ìwé?" Ọ̀gá bi í.

"Lọ́ọ̀gì ló kọ ọ́ sà. Kò mọ ẹni tó ń kọ."

"Kò mọ èmi?"

"Kò mọ ẹnikẹ́ni sà. Oṣooṣù ni Aṣọ́nà ń ní kí a yí páswọ́ọ̀dù padà, tiyín sì gùn díẹ̀, ẹ sì máa ń gbàgbé èyí tí ẹ wà lórí ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́, mo lè..."

"Gbàgbé? Èmi?" Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Ṣé mo máa ń gbàgbé?"

"Rárá sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí. "Ẹ máa ń jẹ́ kí nǹkan sinmi lọ́kàn yín ni sà."

"O gbọ́? Ó yá, gbé lọ́ọ̀gì yẹn wá kí n rí i."

Àǹtí ṣí i sórí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn, ó sì fi ìka tọ́ ibì kan. "Orúkọ mi nìyí. Wọn ò kí i, wọn ò yìn ín, wọ́n kàn jù ú sílẹ̀ lásán bí orúkọ ẹni tó jẹ̀bi ẹjọ́. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó kùnà. Ta ló kùnà? Kí wá ni àwọn nǹkan tó rí págunpàgun wọ̀nyí?"

"Ìràwọ̀ ni sà. Ohun tí ẹ tẹ̀ ni wọ́n bò."

"Wọ́n bo ohun tí mo tẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ròkè. "Èmi Ọ̀gá Àgbà á fi ìka mi tẹ nǹkan, ẹ̀rọ á wá bò ó mọ́lẹ̀? Ohun tí mo bá tẹ̀, ìtàn ni! Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ló máa kà á!"

"Sà, páswọ́ọ̀dù yín ni..."

"Má dá mi lóhùn."

"Tí mo bá yọ ìràwọ̀ yẹn sà, gbogbo ẹni tó bá wo lọ́ọ̀gì ló máa rí ohun tí..."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn! Kí gbogbo ayé rí i!"

Àǹtí bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó wá sọ pẹ̀lẹ́ pé, "Mi ò lè ṣe é sà."

Ẹ̀yin ará, ó pẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ ọ́fíìsì yẹn gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà tiẹ̀ fara ti ògiri. Ọ̀gá ní kí Àǹtí lọ kó ẹrù rẹ̀, fèrèsé kẹrin ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, kó máa fi òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù. Tí kò bá kọ lẹ́tà àforíjì kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kó má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ Àǹtí, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, ń gbọn irun kúrò lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé bó ṣe ń gbọ́ ìròyìn náà.

"Ìràwọ̀ mẹ́jọ," ọkọ ní. "Ìràwọ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ? Bá a yọ ọ́, kó máa gbé e lọ."

"Tí mo bá yọ ọ́ fún un, ta ni màá kọ̀ fún lọ́la?" Àǹtí dáhùn. "O ò mọ nǹkan táwọn èèyàn ń fi ṣe páswọ́ọ̀dù. Òmíràn á fi orúkọ ọmọ tó kú fún un. Òmíràn á fi orúkọ ẹni tí kò fẹ́ ẹ. Ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ láìsí ẹni tó ń wò wọ́n nìyẹn. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mi ò sì fẹ́ kí Bàǹtà mọ̀ ọ́n."

Ọkọ rẹ̀ ká aṣọ náà. "Ó dáa," ó ní. "Màá máa ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kùtù, ká tó mọ ohun tó máa dà."

Ta ló wá yọ ìràwọ̀? Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni. Ó ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà rí fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fi ọjọ́ àkọ́kọ́ wá ibi ìjókòó. Ó ṣí inú Aṣọ́nà, ó wá ìlà kan ṣoṣo tó ń sọ páswọ́ọ̀dù di ìràwọ̀, ó sì pa á rẹ́ kúrò nídìí orúkọ Ọ̀gá. Ó kó oríkì kan tẹ̀lé orúkọ náà. Níbi tí lọ́ọ̀gì ti ń kọ "ó kùnà," ó yí i sí "Ọ̀gá ń ronú." Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé Aṣọ́nà máa ń ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kó má ti í mọ́ Ọ̀gá láéláé. Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó ra tẹlifíṣọ̀n kan tó gùn bí ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn, kí àwọn ará ìlú máa ka lọ́ọ̀gì òun níbẹ̀. Ó wá búra pé òun ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ títí Mínísítà yóò fi wá ṣí i, kí ìlà àkọ́kọ́ lè wáyé lójú ẹni ńlá.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Mínísítà fi pẹ́ kó tó ráyè. Ọjọ́ mọ́kànlá náà ni láísẹ́ǹsì kankan ò jáde, nítorí Ọ̀gá nìkan ló ń fọwọ́ sí i lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Awakọ̀ tírélà kan wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí gáréèjì, àwọn tó ní ẹrù ń pè é lórí fóònù, ó sì ń jókòó sí gbọ̀ngàn nígbàkigbà tó bá wá bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

"Àǹtí," ó ń bẹ Àǹtí Kọ̀ǹpútà lẹ́nu fèrèsé kẹrin, "ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ má bínú, bọ̀dá," Àǹtí á ní, á sì tún fi òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù míì. "Wọ́n ń fi ìka wọn pamọ́ ni."

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, ọkùnrin kúkúrú kan tí irun ò sí lórí rẹ̀ rárá, tí kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan sórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, wọ́n gbé àga Ọ̀gá kọjú sí àwọn èèyàn, tẹlifíṣọ̀n ńlá náà sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo ayé ló ń rí i, àfi òun.

Ọ̀gá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìkíni. "Mínísítà wa," ó ní, "ọpọlọ tó ń rin ìrìn ènìyàn! Ìwé tí wọn ò tíì kọ, ẹ ti kà á tán! Tí ẹ bá dákẹ́, à ń kọ́ ẹ̀kọ́. Tí ẹ bá sùn, orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ síwájú! Nígbà tí mo bá ronú nípa yín láàárọ̀, omi a máa bọ́ lójú mi!"

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè kí wọ́n lè ya fọ́tò wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Iṣẹ́ Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni láti máa ka ohun tó bá jáde sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ohùn tó máa fi kà á.

"Ọ̀gá Àgbà!" ó pariwo. "Ọmọ̀wé! Akíkanjú! Ìmọ́lẹ̀ Ọgbọ̀n Ẹ̀ka! Ti fi ìka ọlá wọn tẹ: Mínísítà Olódo Mẹ́fà! Ọ̀gá ń ronú!"

Àwọn èèyàn ń wo ojú ara wọn. Wọ́n rò pé etí àwọn ni. Ọ̀gá alára ò fetí sí i. Oṣù ti yí, òun náà sì ti yí páswọ́ọ̀dù padà kó tó búra, ó wá ń wá èyí tó kàn nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó tún tẹ̀.

"Ọmọ̀wé! Akíkanjú! Ìmọ́lẹ̀ Ọgbọ̀n Ẹ̀ka! Ti fi ìka ọlá wọn tẹ: Mínísítà Olódo Méje! Ọ̀gá ń ronú!"

Ẹnu Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti sáré ṣáájú ọpọlọ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì sí ohun tó lè dá a dúró. Ó ka "Mínísítà Alápámáṣiṣẹ́." Ó ka "Mínísítà Ojúkòkòrò." Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ọ̀gá gbọ́ ẹ̀rín náà, ó rò pé ayọ̀ ni, ó fi ọwọ́ kan juwọ́ sí wọn, ó sì fi èkejì tẹ òmíràn.

"Ti fi ìka ọlá wọn tẹ: Mínísítà Orí Bí Àgbọn! Ọ̀gá..."

Ibẹ̀ ni ọpọlọ Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti lé e bá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mínísítà ti gbé ọwọ́ kan orí láìmọ̀, ó sì sáré gbé e kúrò. Ó dìde, ó rìn dé iwájú tábìlì, ó sì béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé:

"Èwo nínú wọn ló tọ̀nà?"

Ọ̀gá Bàǹtà yí orí padà. Ó ka gbogbo rẹ̀, ìlà márààrún, pẹ̀lú oríkì wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀ díẹ̀, kí a tó máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọkùnrin yìí tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí Mínísítà bá ti pè é lórí fóònù, á dìde dúró nínú ọ́fíìsì tí kò sí ẹnì kankan, á máa tẹrí ba fún ògiri. Gbogbo ohun tó gbé mì lọ́dún méje tó fi ṣe ọ̀gá, ibì kan ṣoṣo ló rí tu ú sí: abẹ́ ìràwọ̀ mẹ́jọ. Ó sì ti tu ú síbẹ̀ pẹ́ débi pé kò rántí mọ́ pé ọ̀rọ̀ ni. Lójú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lásán ni.

"Ẹ̀rọ ló ń purọ́ sà!" ó kígbe. "Àwọn ọ̀tá mi ló wà nídìí rẹ̀! Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àǹtí Kọ̀ǹpútà, òun ló kọ ọ́!"

Wọ́n pe Àǹtí. Ó wá láti fèrèsé kẹrin, òǹtẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mínísítà bi í bóyá ẹ̀rọ lè kọ ohun tí èèyàn ò tẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá náà ń wò ó, ojú rẹ̀ sì ti rí bí ojú ọmọdé.

"Lọ́ọ̀gì kì í dá ọ̀rọ̀ sọ sà," Àǹtí dáhùn. "Ohun tó bá rí ló ń kọ. Ìràwọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀ sà. Wọ́n yọ ọ́ ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ti ka nǹkan wọ̀nyẹn."

"Kò burú," ni Mínísítà wí. Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Tí ẹ̀rọ bá ń purọ́, ó rọrùn. Tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ gangan. Ká jọ rí ohun tó máa jáde."

Ọ̀gá Bàǹtà gbé ìka sórí kọ̀ǹpútà. Ìka náà dúró síbẹ̀. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sí imú, ó kán sórí aṣọ funfun. Tó bá tẹ èyí tó tọ̀nà, a ó rí i. Tó bá tẹ irọ́, kò ní wọlé. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú méjì.

"Ọ̀gá ń ronú!" awakọ̀ tírélà pariwo láti ẹ̀yìn.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olùṣọ́ géètì di ògiri mú. Nínú ariwo yẹn, kò sí bí Ọ̀gá ṣe lè fẹnu bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Ó tẹrí mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ nǹkan díẹ̀, pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yọ lókè, funfun báláú:

Ọ̀gá Àgbà, Ọmọ̀wé, Akíkanjú, Ìmọ́lẹ̀ Ọgbọ̀n Ẹ̀ka, ti fi ìka ọlá wọn tẹ: EJooSa. Ọ̀gá ń ronú.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mínísítà wò ó títí, ó wá na ọwọ́ fa wáyà tẹlifíṣọ̀n náà yọ.

Lẹ́tà tó dé lọ́jọ́ kejì kò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n gbé Ọ̀gá Bàǹtà lọ sí ẹ̀ka ọgbọ̀n, yàrá kan ṣoṣo tó ní kọ̀ǹpútà kan, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ya fọ́tò awakọ̀, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà kò bá a lọ. Kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an tó lù, ó ti ń gbé báàgì igbákejì Ọ̀gá, ó sì ti ń mi orí sí i. Àǹtí padà sórí àga rẹ̀, ó dá ìlà kan ṣoṣo yẹn padà sáyè rẹ̀. Igbákejì, tí wọ́n ti fi rọ́pò Ọ̀gá, fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ti awakọ̀ tírélà ló sì kọ́kọ́ jáde. Kí wọ́n tó ṣíwọ́, àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú òṣìṣẹ́ ti yí páswọ́ọ̀dù wọn padà. Àǹtí rí i nínú lọ́ọ̀gì. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn ò rí. Nígbà tí Mínísítà ń lọ, tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, ó ní kí awakọ̀ rẹ̀ ní sùúrù, ó sì fọwọ́ pe Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọkùnrin yìí kì í bá òṣìṣẹ́ kankan sọ "ẹ" láti ọjọ́ tó ti dé ipò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "Aṣọ́nà yìí kan náà kọ́ là ń lò ní ọ́fíìsì tiwa?"

"Òun ni sà. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba ló ń lò ó."

"Ìràwọ̀ wà lára tèmi?"

"Mẹ́jọ gbáko sà."

"Ẹnikẹ́ni ò lè rí abẹ́ rẹ̀?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ààrẹ ńkọ́?"

Àǹtí Kọ̀ǹpútà wò ó láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Ààrẹ náà ò lè rí i sà."

Mínísítà mí kanlẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ó yí gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tí ẹnu lè gbà kọjá.

"Ẹ ṣáà bá mi fi mẹ́rin kún un," ó ní.